Páálí Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì: Kérésì Mẹ́rìnlá Tí Wọ́n Fi Ìwé Ìpín-Oúnjẹ Ṣe

Ẹ kú ọyẹ́ o. Bí mo ṣe jókòó síwájú maíìkì yìí, ètè mi ti ń bó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi òrí pa á láàárọ̀ yìí nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ kú òtútù.

Nílé wa, kì í ṣe kàlẹ́ńdà la fi ń mọ̀ pé Kérésì ti ń bọ̀. Páálí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi. Tó bá ti di oṣù Kẹsàn-án báyìí, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú páálí yẹn: agolo tòmátò méjì lónìí, ike òróró kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kọ́rì, mílíìkì alágolo. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń rákòrò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ kà wọ́n. A ò mú nǹkan kan níbẹ̀ o. A kàn fẹ́ mọ ibi tọ́dún dé ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wá kí wa. Ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì débẹ̀, ni wọ́n bá ní: "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ ò mọ ayé jẹ. Nígbà tiwa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń rí ìrẹsì jẹ, inú wa sì ń dùn. Ìgbà tí nǹkan ò bá tó gan-an lọdún máa ń dùn." Màmá mi ò tiẹ̀ gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n kàn ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló mọ̀ pé ó dùn. Ẹ bi ẹni tó ń wá a."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé òótọ́ ni pé àìtó máa ń mú ọdún dùn? Mo wá ibi tí a ti lè wò ó dáadáa nínú ìtàn, ibi tí àìtó ti wọ inú òfin, tí ìjọba fúnra ẹ̀ ń wọn oúnjẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, láti ọdún 1940 sí 1953. Kérésì mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ìwé ìpín-oúnjẹ ṣe. Ibẹ̀ la ń lọ lónìí, a ó sì gba Èkó àti Abẹ́òkúta padà sílé.

Ìwé kan fún ẹnì kan

Ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1939 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun sí Jámánì. Omi ló yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká, ó sì lé ní ìdajì oúnjẹ wọn tó ń gba orí òkun wọlé: àlìkámà láti Kánádà, bọ́tà láti New Zealand, ṣúgà láti àwọn erékùṣù Kàríbíà. Àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ti Jámánì sì ń ri àwọn ọkọ̀ ẹrù yìí. Bí oúnjẹ bá dín kù, tí ìjọba bá fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, olówó á rà á tán, ẹni tí kò ní á sì máa wo ojú ọ̀run.

Ìjọba wá tẹ ìwé ìpín-oúnjẹ, ọ̀kan fún ẹnì kan, àtọmọ ọwọ́ àtarúgbó. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kan, ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n á ti máa ra ìpín wọn. Tẹ́ ẹ bá sanwó tán, á gé kúpọ́ọ̀nù inú ìwé yín tàbí kó fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹni tó bá ti ra tọ̀sẹ̀ yẹn, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó nìkan ò ra ọjà mọ́.

Ọjọ́ 8, oṣù Kínní, ọdún 1940 ló bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bọ́tà, ṣúgà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Ẹran tútù tẹ̀lé e lóṣù Kẹta, tíì lóṣù Keje. Lọ́dún 1941, ó kan jáàmù, wàràkàṣì àti aṣọ. Lọ́dún 1942, ó kan ọṣẹ àti súwíìtì.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe kéré tó. Bọ́tà ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ kan odidi jẹ́ áúǹsì 4 níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò ju nǹkan bíi gíráàmù 113 lọ. Tíì jẹ́ áúǹsì 2. Ẹyin jẹ́ bí ẹyọ kan lọ́sẹ̀, ìyẹn tó bá wà. Ẹni tó fẹ́ràn ṣúgà nínú tíì ní láti bi ara ẹ̀ léèrè: ṣé kí n mu ún lónìí ni, àbí kí n fi í pamọ́ de kéèkì ọdún?

Oṣù mélòó kan kó tó dọdún

Bí màmá mi ṣe ní páálí, bẹ́ẹ̀ làwọn ìyàwó ilé Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́bọ́ọ̀dù. Oúnjẹ kan wà tí wọn kì í fi Kérésì wọn ṣeré, ìyẹn púdínì ọdún. Èso gbígbẹ bíi réṣínì, ọ̀rá màlúù, ẹyin, ṣúgà àti ọtí ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí oṣù kan ṣáájú ọdún ni wọ́n ti máa ń pò ó. Gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà, ló máa ń fi ṣíbí onígi rò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń rò ó á tọrọ ohun kan nínú ọkàn ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ síta.

Nígbà ọ̀wọ́n yìí, réṣínì ò tó, ẹyin ò sí. Wọ́n wá ń rin kárọ́ọ̀tì sínú ẹ̀ kó lè ládùn, wọ́n ń rin pòtétò kún un kó lè pọ̀. Láti ọdún 1942, ẹyin gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ kúnná bẹ̀rẹ̀ sí í ti Amẹ́ríkà wọlé nínú agolo. Wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á sì pè é lẹ́yin.

Ti ẹran ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ló fẹ́ fi goose ṣọdún, ẹyẹ kan tó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ ńlá. Ẹni tí kò bá rí i rà á gé pòtétò àti ápù pẹlẹbẹ, á tò wọ́n léra pẹ̀lú wàràkàṣì nínú àwo, á fọ́n ewé olóòórùn dídùn sí i, á gbé e sínú ààrò, á sì máa pè é ní goose. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje tí kò ní ẹ̀mí kan ṣoṣo nínú, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1940 pàápàá, òfin ò gbà kí wọ́n fi ṣúgà funfun bo kéèkì mọ́. Tọkọtaya tó ń ṣègbéyàwó á gba kéèkì kékeré kan, wọ́n á wá gbé páálí tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bò ó mọ́lẹ̀ kó lè rí bíi kéèkì ńlá nínú fọ́tò.

Rédíò náà wà nínú iṣẹ́ yìí, inú mi sì dùn sí ibẹ̀ gan-an, nítorí iṣẹ́ wa náà ni. Láti oṣù Kẹfà ọdún 1940, BBC ń gbé ètò kan sórí afẹ́fẹ́ láago 8:15 àárọ̀. Orúkọ ẹ̀ ni The Kitchen Front, kò sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí ìyàwó ilé tó jáde lọ sọ́jà, á ti gbọ́ ohun tó pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn àti bí èèyàn ṣe lè sè é. Ẹni tó jẹ́ mínísítà oúnjẹ nígbà náà ni Lord Woolton, tó ti ṣe alákòóso àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá Lewis's rí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Nígbà tí Kérésì 1940 ku ọ̀sẹ̀ kan, ó fi áúǹsì 2 kún ìpín tíì ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó fi áúǹsì 4 kún ti ṣúgà. Ẹ̀bùn ọdún láti ọ̀dọ̀ ìjọba nìyẹn.

Ilé tó bá ní ẹ̀yìnkùlé ń sin adìẹ àti ehoro. Àwọn aládùúgbò á dáwó jọ ra ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á máa kó èèpo pòtétò àti àjẹkù oúnjẹ wá fún un láti ilé dé ilé. Àwa máa ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Tiwọn, díẹ̀díẹ̀ ni ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọnú àwo ọdún.

Iná ò sí níta, agogo ò dún

Ẹ má gbàgbé pé ogun ń lọ lọ́wọ́ ní gbogbo àkókò yìí. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1939, iná kankan ò gbọdọ̀ yọ lójú fèrèsé lálẹ́, kí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá má bàa rí ìlú. Nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti máa ń ṣú lọ́dọ̀ wọn láti bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Iná ọdún ò sí lójú pópó, fèrèsé ṣọ́ọ̀bù dúdú kirikiri. Inú ilé lọdún sá wọ̀.

Àwọn ọmọdé ń gé bébà àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á kùn ún, wọ́n á fi ìyẹ̀fun tí wọ́n fi omi pò lẹ̀ ẹ́ mọ́ra bíi ṣéènì, wọ́n á fi kọ́ ara ògiri. Bàbá á fi àfọ́kù pákó gbẹ́ ọkọ̀ ojú irin fún ọmọ. Ìyá á tú súwẹ́tà tó ti gbó, á fi òwú ẹ̀ hun ìbọ̀wọ́. Láago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Kérésì, gbogbo ilé á yí rédíò ká láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọba, àṣà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1932.

Lọ́dún 1940, láti ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án ni bọ́ǹbù ti ń já bọ́ sórí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sùn sí ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lálaalẹ́, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti fi bébà ṣe ọ̀ṣọ́ ọdún. Bọ́ǹbù náà dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà Kérésì, àmọ́ nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 29, oṣù Kejìlá, iná ńlá tí bọ́ǹbù dá sílẹ̀ jó àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá dákẹ́. Láti oṣù Kẹfà ọdún 1940, ìjọba ní wọn ò gbọdọ̀ lù ú mọ́, àfi tí ọ̀tá bá ti wọ̀lú. Kérésì 1940 kọjá láìsí agogo, ti 1941 náà kọjá bẹ́ẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 1942 ni wọ́n tún lù ú, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wọn ṣẹ́gun ní El Alamein nílẹ̀ Íjíbítì. Wọ́n sì lù ú lọ́jọ́ Kérésì ọdún yẹn. Ìró agogo tí kò náni ní kọ́bọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń ṣàárò.

Kí ló jẹ́ kó ṣeé fara dà?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lè sọ níbí pé, "Ẹ ò rí i? Mo wí fún yín. Nǹkan kékeré dùn mọ́ wọn." Òótọ́ ni, ó dùn mọ́ wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ìdí ẹ̀ dáadáa.

Ohun tó mú àìtó yẹn ṣeé fara dà ni pé èèyàn mọ̀ pé aládùúgbò òun náà ń gba irú ohun tí òun ń gbà. Ìdílé ọba pàápàá ní ìwé ìpín-oúnjẹ. Nígbà tí Eleanor Roosevelt, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ kí wọn láàfin lọ́dún 1942, ó rí i pé àwo wúrà àti fàdákà ni wọ́n fi gbé oúnjẹ kalẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ inú ẹ̀ kò ju irú èyí tí ará ìlú ń jẹ lọ. Láti ọdún 1940 náà ni ìjọba ti ń fún aboyún àti ọmọdé ní mílíìkì lówó pọ́ọ́kú, tí ẹni tí kò ní sì ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Omi ọsàn àti òróró ẹja tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ tálákà kan wà tí oúnjẹ aṣaralóore tó dé ọwọ́ wọn nígbà ogun ju èyí tí wọ́n ń rí kí ogun tó dé lọ.

Kò pé pérépéré o. Ilé oúnjẹ kì í gé kúpọ́ọ̀nù, nítorí náà ẹni tó lówó lè lọ jẹun síta, kí ìpín ilé ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tó di ọdún 1942 ni ìjọba tó ní oúnjẹ ilé oúnjẹ kò gbọdọ̀ ju ṣílè 5 lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń ta ọjà lábẹ́lẹ̀ náà wà.

Ta ló sì ń gbé iṣẹ́ yìí? Obìnrin ni. Òun ló ń tò sórí ìlà nínú òtútù, òun ló ń ṣírò kúpọ́ọ̀nù, òun ló ń fi bọ́tà tiẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ lè rí kéèkì jẹ. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1941, òfin ti lè pe obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, tọ́jọ́ orí ẹ̀ wà láàrín 20 sí 30, síṣẹ́ ogun. Ọ̀pọ̀ tó ti lọ́kọ náà ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìbọn àti ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n á tún wá jáde níbẹ̀ lọ sórí ìlà.

Ogun parí, àìtó ò parí

Ogun parí lọ́dún 1945, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè náà ti jẹ gbèsè, oúnjẹ ò sì tíì tó. Búrẹ́dì, tí wọn ò wọ̀n nígbà ogun rárá, wá di ohun tí wọ́n ń fi kúpọ́ọ̀nù rà láti oṣù Keje ọdún 1946 títí di 1948.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ńkọ́? Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1940 ni ìjọba ti dá a dúró, kí àyè lè wà nínú ọkọ̀ fún ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1945 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tún kó o dé láti Jàmáíkà. Ó kù díẹ̀ kó bá Kérésì. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà wà tí wọn ò rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí láyé wọn. Auberon Waugh, ọmọ òǹkọ̀wé Evelyn Waugh, sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún ilé àwọn, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá àwọn da mílíìkì ọlọ́ràá àti ṣúgà lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì jẹ gbogbo ẹ̀ tán lójú àwọn. Auberon ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí tó fi dàgbà.

Èyí tó wá dáhùn ìbéèrè wa jù ni ti súwíìtì. Lóṣù Kẹrin ọdún 1949, ìjọba ní kí wọ́n máa tà á láìsí kúpọ́ọ̀nù. Àwọn èèyàn dà bo ṣọ́ọ̀bù, tọmọdé tàgbà. Kò pẹ́ tí kò fi sí mọ́, nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ, ìjọba ní láti dá kúpọ́ọ̀nù padà. Oṣù Kejì ọdún 1953 ni wọ́n tó rí i rà fàlàlà. Ẹran ló kẹ́yìn, ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1954. Kérésì 1954 ni àkọ́kọ́ láti ọdún 1939 tí wọ́n ṣe láìsí ìwé ìpín-oúnjẹ.

Tó bá jẹ́ pé àìtó ló ń mú ọdún dùn, a ò ní rí ẹni tó máa dà bo ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i sílẹ̀.

Nílé wa ńkọ́?

Àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1925. Ẹgbẹ́ náà ní ilé ibùgbé ní Camden, nítorí ọ̀pọ̀ onílé ni kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé. Ìyàwó Solanke ló ń bójú tó ilé náà. Ìwé ìpín-oúnjẹ kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí fi ń jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí nǹkan inú ìwé yẹn ti ń wá. Kòkó tó wà nínú ṣokoléètì tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń fi kúpọ́ọ̀nù rà, láti Nàìjíríà àti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà báyìí, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti ń lọ. Epo pupa àti ẹkùrọ́ wa wà nínú bọ́tà àtọwọ́dá wọn àti nínú ọṣẹ wọn. Nígbà tí Jàpáànì gba Malaya lọ́dún 1942, tí ọ̀nà epo ibẹ̀ sì dí, wọ́n túbọ̀ nílò tiwa. Ìjọba nìkan ló ń ra kòkó, ìjọba ló sì ń dá iye sí i, owó tó ń kan àgbẹ̀ sì kéré sí iye tí wọ́n ń tà á.

Nǹkan wọ́n nílé náà, ṣùgbọ́n àìtó tiwa ò ní ìwé tó ń fi ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan dá a lójú. Láti ọdún 1941, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn. Captain Pullen ni wọ́n fi sídìí ètò náà. Iye tí wọ́n dá kéré sí ohun tó ń ná àwọn ìyálọ́jà láti gbé ọjà dé Èkó. Alimotu Pelewura, aṣáájú àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, kò gbà fún wọn, òun àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì bá ìjọba fà á títí wọ́n fi pa ètò náà tì lọ́dún 1945. L'Abẹ́òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà. Funmilayo Ransome-Kuti bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwé ìròyìn, gbígbà náà sì dáwọ́ dúró.

Ẹ ṣàkíyèsí: ìrẹsì ni o. Oúnjẹ ọdún wa. Àwọn obìnrin tó ń wá a ni wọ́n jà fún un.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi jàre díẹ̀. Nǹkan kékeré lè mú inú ilé dùn. Ṣéènì bébà dùn, púdínì kárọ́ọ̀tì dùn, ìrẹsì ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún náà dùn. Àmọ́ adùn yẹn, ẹnì kan ló jókòó ṣe é. Ẹni náà ti ń fi nǹkan pamọ́ láti ìgbà tí àwa ò tíì ronú kan ọdún. A ò gbọdọ̀ mú ìyìn ẹni yẹn fún ọ̀wọ́n. Ẹni tó bá sì ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fara dà á, ẹ bi í bóyá ìpín tiẹ̀ náà dín kù.

Lálẹ́ àná, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi. Páálí ti ọdún yìí ò tíì kún dé ìdajì. Mo fi agolo tòmátò mẹ́rin àti kọ́rì sí i, mi ò sọ fún wọn. Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n ti kà á. Wọ́n ní: "Ta ló ń bá mi wá a?"

Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ilé yín. Ọdún á yabo fún gbogbo wa o. Ó dìgbà kan ná.